Charles Valentine Riley: Ọkùnrin tí ó Béèrè Orílẹ̀ Kòkòrò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ó ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n irú kòkòrò kan tún wà tí kò bá obì dàgbà rárá. Òkè òkun ni ó ti wá. Ó bá igi tàbí ewéko wọ inú ọkọ̀, ó gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oko olóko bí ẹni tí kò sí ọba tí yóò mú un. Ìtàn ọkùnrin tí ó fi han gbogbo ayé bí a ṣe lè ṣẹ́gun irú àlejò burúkú bẹ́ẹ̀ láì da májèlé sí orí ilẹ̀ ni mo fẹ́ sọ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí. Charles Valentine Riley ni orúkọ rẹ̀.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ kòkòrò, nígbà tí àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà nítòsí. Ìdáhùn mi kò le. Nínú ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa, bí a bá fẹ́ mọ ènìyàn dénú, orílẹ̀ rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wádìí. A ó béèrè ibi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, ohun tí wọ́n ń jẹ, ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ wọn, àti ẹni tí ó ń bá wọn jà. Ìbéèrè yìí kan náà ni Riley bi kòkòrò. Ó ní kí a má wulẹ̀ máa lépa rẹ̀ nínú oko. Kí a kọ́kọ́ mọ ilé tí ó ti wá, kí a sì mọ ohun tí ó ń pa á jẹ nílé baba rẹ̀.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní àdúgbò Chelsea, ni a ti bí Riley ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1843. Wọ́n rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Dieppe ní ilẹ̀ Faransé àti ní Bonn ní ilẹ̀ Jámánì, ibẹ̀ ni ó sì ti gbọ́ èdè méjèèjì yékéyéké. Láti kékeré ni ó ti fẹ́ràn kí ó máa wo kòkòrò kí ó sì máa ya àwòrán wọn. Ọwọ́ rẹ̀ dá pọ̀ nínú àwòrán yíyà, ẹ̀bùn náà yóò sì wúlò fún un títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 17, ní 1860, ó di ẹrù rẹ̀, ó sì rékọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Oko ni ó kọ́kọ́ dé, ní agbègbè Kankakee ní ìpínlẹ̀ Illinois. Kì í ṣe ọmọ olóko tí ń jókòó sí abẹ́ igi. Iṣẹ́ alágbàṣe ni ó ń ṣe. Ó ń fún wàrà, ó ń tu koríko, ó sì ń rí bí kòkòrò ṣe ń sọ làálàá ọdún kan di òfo láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ìpìlẹ̀ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹni tí kò bá tí ì rí ojú àgbẹ̀ nígbà tí kòkòrò bá wọ oko rẹ̀ lè fi kòkòrò ṣe eré. Riley ti rí ojú náà, kò sì fi í ṣe eré.

Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta, ó kọjá sí Chicago, ó sì rí iṣẹ́ sí ilé ìwé ìròyìn àwọn àgbẹ̀ tí a ń pè ní Prairie Farmer. Ní 1864, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń bá ara wọn jagun lórí ọ̀rọ̀ ẹrú, ó wọ iṣẹ́ ológun níhà àríwá fún oṣù mélòó kan, ó sì padà sí ìdí kálàmù rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ a máa kọ lẹ́tà sí i, wọ́n a sì máa fi kòkòrò ránṣẹ́ sí i nínú àpótí kéékèèké pé kí ó bá wọn dá a mọ̀. Òun náà a sì fèsì ní èdè tí ó yé wọn.

IṢẸ́ NÍ MISSOURI

Ní 1868, ìjọba ìpínlẹ̀ Missouri fi Riley ṣe onímọ̀ kòkòrò àkọ́kọ́ ti ìpínlẹ̀ náà. Kò tí ì pé ọmọ ọdún 25. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án tí ó lò níbẹ̀, ó kọ ìwé ìròyìn mẹ́sàn-án, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ya púpọ̀ nínú àwọn àwòrán inú wọn. Charles Darwin, tí gbogbo ayé mọ̀, ka àwọn ìwé náà, ó sì gbóríyìn fún un.

Ìgbà yẹn ni eṣú bo ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. Láti 1873 títí di 1877, eṣú ń ṣú bo ojú ọ̀run bí òjò, bí ó bá sì balẹ̀ sí oko, kò ní fi ewé kan sílẹ̀. Ebi pa àwọn àgbẹ̀, àwọn mìíràn sì kó ẹrù wọn kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Riley ń rìn kiri láàárín wọn, ó ń wo ibi tí eṣú ń yé ẹyin sí, ó sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè tú ilẹ̀ náà kí ẹyin lè bàjẹ́. Ó tún sọ fún wọn pé eṣú ṣeé jẹ. Òun alára sè é, ó dín in, ó sì jẹ ẹ́ lójú gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn yínmú sí i. Àwa tí a mọ adùn ìrẹ̀ dídín kò ní bá wọn yínmú. Ní 1877, ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ eṣú yìí, Riley ni wọ́n sì fi ṣe olórí rẹ̀.

ÀJÀRÀ ILẸ̀ FARANSÉ

Ṣùgbọ́n eṣú kọ́ ni ó kọ́kọ́ sọ orúkọ Riley di ńlá ní òkè òkun. Láàárín ọdún 1860 sí 1870, àjàrà bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ilẹ̀ Faransé láìsí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀. Ewé á pọ́n, igi á gbẹ. Ní 1868, ọ̀jọ̀gbọ́n Planchon ti Montpellier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ hú gbòǹgbò àjàrà, wọ́n sì rí kòkòrò wínníwínní bí iná orí tí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Phylloxera ni wọ́n ń pè é. Riley wo èyí tí ó wà ní Amẹ́ríkà, ó lọ sí ilẹ̀ Faransé ní 1871, ó sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Ọmọ Amẹ́ríkà ni kòkòrò yìí. Ara àjàrà tí wọ́n kó láti Amẹ́ríkà ni ó bá dé Yúróòpù.

Níbí ni ìbéèrè orílẹ̀ ti kọ́kọ́ so èso. Bí ó bá jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni kòkòrò náà ti wá, tí àjàrà ibẹ̀ kò sì kú, a jẹ́ pé gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà ti mọ bí a ti ń fara dà á. Riley, Planchon àti àwọn mìíràn gba àwọn àgbẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n gé ẹ̀ka àjàrà Yúróòpù, kí wọ́n lọ́ ọ mọ́ kùkùté àjàrà Amẹ́ríkà, kí àwọn méjèèjì dàgbà di igi kan. Gbòǹgbò á jẹ́ ti Amẹ́ríkà, èso á jẹ́ ti Faransé. Ọ̀pọ̀ ni ó kọ ìmọ̀ràn yìí, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé adùn wáìnì wọn yóò yí padà. Wọ́n ń bá oògùn kiri. Ní 1875, wáìnì tí ilẹ̀ Faransé pọn tó mílíọ̀nù 84 hẹkitólítà. Nígbà tí yóò fi di 1889, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí mílíọ̀nù 23. Kùkùté Amẹ́ríkà ni ó gba oko wọn là níkẹyìn, ọ̀nà náà ni wọ́n sì ń tọ̀ títí di òní. Ìjọba Faransé fún Riley ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà.

Ní 1873, Riley tún dán nǹkan mìíràn wò. Ó kó kòkòrò kíún kan tí ń jẹ phylloxera ní Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sí Planchon. Kòkòrò náà dé láàyè, ó sì rí ibẹ̀ gbé, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò ká ọ̀tá. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ pé ọ̀nà náà kò já sí nǹkan kan. Riley kò gbé èrò náà jù nù. Ó fi í pamọ́ di ọjọ́ mìíràn.

ỌSÀN CALIFORNIA

Ní 1878, wọ́n pe Riley sí Washington láti di olórí onímọ̀ kòkòrò ní iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Òun àti ọ̀gá tí ó bá níbẹ̀ kò rẹ́, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1879, ṣùgbọ́n wọ́n pè é padà ní 1881. Ibẹ̀ ni ó wà tí igbe fi ta láti California.

Ní nǹkan bí 1868, kòkòrò àjèjì kan ti dé Menlo Park ní California lára igi kasíà tí wọ́n kó wá láti Australia. Icerya purchasi ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Abo rẹ̀ a máa ru àpò funfun kan sẹ́yìn bí òwú, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyin ni ó sì máa ń wà nínú àpò náà. Ó ń fa omi ara igi mu títí igi yóò fi gbẹ. Nígbà tí ó dé oko ọsàn ní gúúsù California, ó di ogun. Igi ọsàn funfun láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni pé ó wọ aṣọ òkú. Àwọn àgbẹ̀ fi omi ọṣẹ wẹ igi, wọ́n da epo kẹrosíìnì pọ̀ mọ́ ọṣẹ, wọ́n fi àgọ́ bo igi, wọ́n sì fín gáàsì olóró sí abẹ́ rẹ̀. Owó ń lọ, kòkòrò ń padà wá. Níkẹyìn, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í hú igi ọsàn wọn, wọ́n ń dáná sun ún.

Riley wádìí, ó sì rí i pé Australia ni orílẹ̀ kòkòrò yìí. Ó tún gbọ́ pé ní ilé rẹ̀ lọ́hùn-ún, kì í pa igi bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan ní Adelaide, Frazer Crawford, ti rí eṣinṣin kékeré kan tí ó ń yé ẹyin sínú ara rẹ̀, tí ọmọ eṣinṣin náà á sì jẹ ẹ́ láti inú wá. Riley fẹ́ rán ènìyàn lọ kó ọ̀tá náà wá. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ aṣòfin ti ṣe òfin pé wọn kò gbọdọ̀ ná owó ẹ̀ka rẹ̀ lórí ìrìn-àjò sí òkè òkun. Ilẹ̀kùn tì.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní 1888, ìpàtẹ ọjà àgbáyé kan fẹ́ wáyé ní Melbourne, Amẹ́ríkà sì ní owó tí yóò ná síbẹ̀. Wọ́n bá Frank McCoppin, ẹni tí ó ń ṣojú Amẹ́ríkà níbi ìpàtẹ náà, sọ ọ̀rọ̀, ó sì gbà kí a yọ $2,000 nínú owó náà fún ìrìn-àjò ẹnì kan. Ẹni tí Riley yàn ni Albert Koebele, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ mú bíi ti àwòdì bí ó bá di ọ̀rọ̀ kòkòrò. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ, 1888, ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní San Francisco.

Eṣinṣin Crawford ni Koebele lọ wá, ó sì rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, nínú ọgbà kan ní àríwá Adelaide, ó rí kòkòrò pupa kékeré kan tí àmì dúdú wà lẹ́yìn rẹ̀, tí kò tó hóró ẹ̀wà, tí ó ń jẹ Icerya bí ẹni jẹ ẹ̀kọ. Vedalia ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Koebele kó o pẹ̀lú eṣinṣin náà ránṣẹ́. Kòkòrò Vedalia 28 ni ó dé ọ̀dọ̀ D. W. Coquillett ní Los Angeles ní ìparí oṣù Kọkànlá. 44 tẹ̀lé e ní oṣù Kejìlá, 57 sì tún dé ní oṣù Kìíní, 1889. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 129.

Coquillett fi àgọ́ bo igi ọsàn kan nínú oko Wolfskill, ó sì tú wọn sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Kẹrin, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo Icerya ara igi náà tán. Ó ká ẹ̀gbẹ́ kan àgọ́ náà sókè kí wọ́n lè fò lọ sára igi yòókù. Àwọn àgbẹ̀ ń wá láti ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú àpótí láti gba tiwọn. Títí di ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, kòkòrò 10,555 ni ó ti tọwọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tí ó lé ní 200. Kí ọdún náà tó parí, ìjà ti tán. Láàárín ọdún kan, ọsàn tí ń jáde láti agbègbè Los Angeles kúrò ní ẹrù ọkọ̀ ojú irin 700, ó di 2,000. Owó tí gbogbo rẹ̀ ná ìjọba kò tó $5,000.

TA NI Ó NI ÌYÌN?

Níbi tí oyin bá wà, ìjà kì í jìnnà. Àwọn ará California fi aago wúrà ta Koebele lọ́rẹ, wọ́n sì fún ìyàwó rẹ̀ ní yẹtí dáyámọ́ńdì. Wọn kò fún Riley ní nǹkan kan. Wọ́n ní ẹni tí ó jókòó sí Washington kọ́ ni ó rin ìrìn-àjò. Riley náà kì í ṣe ẹni tí ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Agbéraga díẹ̀ ni, ó sì máa ń tètè bínú. Ó wòye pé wọ́n gba iṣẹ́ òun fún ọmọ iṣẹ́ òun. Ìjà náà pọ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó sì ba àárín òun àti àwọn ará California jẹ́. Ní 1893, Koebele kúrò lábẹ́ rẹ̀, ó lọ ṣiṣẹ́ fún ìjọba Hawaii.

Ní tèmi, ẹ̀tọ́ wà fún ọ̀tún, ẹ̀tọ́ wà fún òsì. Bí kò bá sí Koebele, kì bá tí sí Vedalia, nítorí pé eṣinṣin ni wọ́n rán an. Bí kò bá sí Crawford, kì bá tí sí ìdí láti rán ẹnikẹ́ni. Bí Coquillett kò bá mọ ìtọ́jú, 129 ì bá ti kú sínú àpótí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ń béèrè ìbéèrè náà láti 1873, tí kò fi í sílẹ̀ nígbà tí ó kùnà, tí ó sì wá ọ̀nà yí ilẹ̀kùn tí òfin tì ká, Riley ni. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dé orí. Aṣìṣe àwọn ará California ni pé wọ́n rò pé orí kan ṣoṣo ni a lè dé adé lé.

IKÚ RẸ̀

Riley fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní 1894. Kòkòrò gbígbẹ tí ó ti kó jọ, tí iye wọn lé ní 100,000, ni ó ti fi ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Washington lọ́rẹ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, 1895, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan nínú ìlú náà. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọlu òkúta tí ó já bọ́ láti inú kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó ta á nù, ó sì fi orí gbá ilẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni ó kú. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ó pé ẹni ọdún 52. Ó fi ìyàwó rẹ̀, Emilie, àti àwọn ọmọ sílẹ̀.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé Riley kórìíra oògùn apakòkòrò. Òun náà ṣiṣẹ́ lórí kẹrosíìnì àti májèlé, ó sì gba àgbẹ̀ níyànjú láti lò wọ́n níbi tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Ohun tí ó fi han ayé ni pé ọ̀nà mìíràn wà. Wọ́n kó Vedalia lọ sí Egypt, Portugal, South Africa àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn, ó sì ṣiṣẹ́. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ California bẹ̀rẹ̀ sí í fín DDT ní nǹkan bí 1946, oògùn náà pa Vedalia, Icerya sì tún jí dìde bí ẹni tí ó sùn. Ìgbà tí wọ́n dáwọ́ dúró díẹ̀, tí wọ́n sì tún kó Vedalia padà sí oko, ni ara tó tù wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo ọ̀tá àjèjì ni ó yẹ kí a kó wọlé. Ní 1935, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọ́ ńlá kan wọ Queensland ní Australia pé kí ó jẹ kòkòrò inú oko ìrèké. Ọ̀pọ̀lọ́ náà fi kòkòrò ìrèké sílẹ̀, ó ń jẹ ohun gbogbo mìíràn, ó sì di àjàkálẹ̀ fúnra rẹ̀. Vedalia ṣe é fọkàn tán nítorí pé oúnjẹ rẹ̀ kò ju Icerya àti ìbátan rẹ̀ lọ. Ẹni tí a bá fẹ́ fi ṣe ọdẹ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé wa. Ní 1973, kòkòrò funfun kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà yọ lára ẹ̀gẹ́ ní agbègbè Congo, kò sì pẹ́ tí ó fi ràn dé oko ẹ̀gẹ́ tiwa náà. Ní ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, Hans Herren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ béèrè ìbéèrè Riley: níbo ni ó ti wá, kí ni ó sì ń pa á jẹ níbẹ̀? Paraguay ni wọ́n ti rí ìdáhùn náà, agbọ́n kan tí kò tóbi ju èérà lọ. Wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ní England kí ó má baà kó àrùn wọlé, lẹ́yìn náà ni wọ́n tú u sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ní 1981. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti kó o kárí ilẹ̀ tí a ti ń gbin ẹ̀gẹ́ ní Áfíríkà. Ẹ̀bà àti fùfú tí a ń jẹ kò sọ fún wa pé agbọ́n kan ló bá wa ṣọ́ oko. Ní 1995, wọ́n fún Herren ní ẹ̀bùn World Food Prize nítorí iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, lẹ́tà àwọn àgbẹ̀ ni ó la ojú Riley. Àwọn tí kò kàwé púpọ̀ ni ó sọ fún un ọjọ́ tí kòkòrò dé, ewé tí ó ń jẹ àti èyí tí kì í fọwọ́ kàn. Àwọn àgbẹ̀ tiwa náà ní orúkọ fún kòkòrò oko wọn, wọ́n mọ èyí tí ó jẹ́ onílé àti èyí tí ó jẹ́ àlejò. Púpọ̀ nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan, àwọn tí ó mọ̀ wọ́n sì ń darúgbó. Bí àwọn oníṣẹ́ àgbẹ̀ bá ń wá ọ̀tá fún kòkòrò, iṣẹ́ tiwa ni láti kó orúkọ àti ìtàn wọn jọ. Ìgbà tí àlejò mìíràn bá tún dé, a ó nílò ẹni tí yóò lè sọ pé èyí kì í ṣe ará ilé wa.